Kì í ṣe Àrùn la Jogún: Iṣẹ́ Fúnmi Ọlọ́pàdé lórí Jẹjẹrẹ Ọmú

Mo mọ̀ pé mo ṣèlérí pé ọ̀rọ̀ àwẹ́-gbólóhùn la óò tẹ̀síwájú lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Àgbàdo níbí tó gbé mi kúrò nídìí gírámà.

Mo ti sọ fún yín rí pé oyè dókítà tí mo gbà ní yunifásítì ti kó mi sí wàhálà ládùúgbò wa. Bí ara ọmọ bá gbóná, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ bá Dókítà. Mo á ní, "Dókítà èdè ni mí o, n ò mọ oògùn ibà." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọn ò sì ní gbà. Ìdí nìyí tí ẹnu ò fi yà mí nígbà tí ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 28, wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tó kúnlẹ̀, tó sì na fóònù rẹ̀ sí mi.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi túmọ̀ eléyìí fún Daddy mi. Mo ti ṣàlàyé títí, wọ́n ní irọ́ ni."

Lẹ́tà ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ló fi ránṣẹ́. Ọmọ ọdún 41 ni obìnrin náà nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ lọ́mú rẹ̀. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí àyípadà nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ BRCA1, wọ́n sì kọ lẹ́tà tí yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, pé kí àwọn náà lọ rí dókítà.

Bàbá ọmọ náà ò pẹ́ tẹ̀lé e wọlé. Ó ní, "Prof, ẹ má dá ọmọ yìí lóhùn. Kò sí àrùn bẹ́ẹ̀ nínú ìran wa. Àti pé ọ̀rọ̀ ọmú ni wọ́n ń sọ. Bó bá tilẹ̀ wà, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni yóò ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ tèmi."

Àṣìṣe méjì ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, n kò sì bá ọ̀rẹ́ mi wí, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe rò ó. Mo ní kí wọ́n fún mi lọ́sẹ̀ méjì. Mo lọ kàwé. Ẹni tí mo rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ lè là wá lóye jù lọ jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tiwa, tó ti lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí ọ̀rọ̀ yìí gan-an: Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlọ́pàdé ti Yunifásítì Chicago.

Láti Ìbàdàn dé Chicago

Ọdún 1957 ni wọ́n bí i, ọmọ karùn-ún nínú ọmọ mẹ́fà tí àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan bí. Ó gboyè ìṣègùn ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1980, ó sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ojú omi. Lọ́dún 1983 ó ré kọjá sí Amẹ́ríkà. Ilé ìwòsàn Cook County ní Chicago ló ti tún iṣẹ́ kọ́, ilé ìwòsàn ìjọba tí àwọn tálákà ìlú náà máa ń lọ. Lọ́dún 1987 ó wọ Yunifásítì Chicago láti kọ́ nípa jẹjẹrẹ àti àrùn inú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sábẹ́ ìyá àgbà kan nínú ìmọ̀ yìí, Janet Rowley.

Ó yẹ ká mọ Rowley díẹ̀. Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa kọ̀ọ̀kan ni ìwé àṣẹ tó ń darí ara wà. Ìwé náà pín sí ìdìpọ̀ 46 tí wọ́n ń pè ní kromosóòmù, 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Lọ́dún 1973, Rowley fi hàn pé nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ègé kan já lára kromosóòmù 9, òmíràn já lára kromosóòmù 22, àwọn méjèèjì sì pààrọ̀ àyè. Àfi bí ẹni fa ojú ìwé kan ya nínú Bíbélì, tó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ìwé ìròyìn. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló rò pé jẹjẹrẹ ló ń da kromosóòmù rú. Iṣẹ́ Rowley wà lára ohun tó mú kí wọ́n gbà pé ìdàrúdàpọ̀ kromosóòmù lè jẹ́ orísun jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni Ọlọ́pàdé tọ̀. Ó dojú kọ apá kúkúrú kromosóòmù 9, ibì kan tó máa ń sọnù nínú oríṣìí jẹjẹrẹ mélòó kan. Ìbéèrè náà rọrùn láti bi, ó ṣòro láti dáhùn: kí ló wà lójú ibẹ̀ tí sísọnù rẹ̀ fi ń dá wàhálà sílẹ̀? Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní p16, tó máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé, "Ó tó gẹ́ẹ́, má pín mọ́." Ẹ pè é ní bíréèkì. Bí bíréèkì bá já, sẹ́ẹ̀lì á máa pín láìdúró. Ẹ̀gbẹ́ p16 ni jíìnì mìíràn wà tó ń jẹ́ MTAP, tí Ọlọ́pàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa rẹ̀ dé ojú àyè yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé obìnrin yìí kọ́kọ́ kọ́ jẹjẹrẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìwé tó bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, kó tó wá di ọ̀rọ̀ ẹbí lọ́wọ́ rẹ̀.

Àṣìkọ kan nínú ìwé

Ẹ jẹ́ kí n wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tèmi báyìí. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n fi kọ ìwé inú sẹ́ẹ̀lì: A, C, G àti T. Sẹ́ẹ̀lì sì máa ń ka àwọn lẹ́tà yìí ní mẹ́ta mẹ́ta. Jíìnì jẹ́ gbólóhùn kan nínú ìwé náà, gbólóhùn tó ní iṣẹ́ tó ń rán.

Ẹ wo gbólóhùn yìí, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta:

Adé wọ̀n ata fún Ayọ̀.

Ó yé wa. Ẹ wá yọ lẹ́tà kan ṣoṣo, d inú Adé, kẹ́ ẹ sì máa kà á lọ ní mẹ́ta mẹ́ta bí i ti tẹ́lẹ̀:

Aéw ọ̀na taf úna yọ̀.

Lẹ́tà kan péré ló jábọ́, gbogbo ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ di kàǹtankàǹtan. Irú àṣìkọ báyìí wọ́pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń rí nínú BRCA1. Irú kejì sì wà, níbi tí lẹ́tà kan ti bọ́ sí ipò òmíràn. Ẹni tó bá ti kọ "ọkọ" níbi tó yẹ kó kọ "ọkọ́" mọ̀ pé àmì kan ṣoṣo lè sọ ohun èlò oko di olówó orí ẹni. Èmi ó máa pe àwọn àyípadà wọ̀nyí ní àṣìkọ, nítorí pé ohun tí wọ́n jẹ́ gan-an nìyẹn.

Kí wá ni iṣẹ́ BRCA1 àti èkejì rẹ̀, BRCA2? Wọ́n dà bí ẹni tó ń bá olóòtú ka ìwé kó tó jáde, tó ń rí ibi tó ya, tó ń tún un lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ìwé inú sẹ́ẹ̀lì ń ya, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún un ṣe. Ẹ̀dà méjì ni olúkúlùkù wa ní nínú jíìnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó bá jogún ẹ̀dà kan tó ní àṣìkọ ṣì ní èkejì tó pé, iṣẹ́ á sì máa lọ. Àmọ́ bó bá ṣe pé nínú sẹ́ẹ̀lì ọmú kan, ẹ̀dà kejì náà wá bàjẹ́ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, alátùn-únṣe ti kú nìyẹn. Àṣìṣe á máa gorí àṣìṣe títí bíréèkì fi máa já.

Lọ́dún 1990, Mary-Claire King fi hàn pé jíìnì kan lórí kromosóòmù 17 ló wà nídìí jẹjẹrẹ ọmú tó ń bá àwọn ẹbí kan fínra. Lọ́dún 1994 ni wọ́n rí BRCA1 fúnra rẹ̀, wọ́n sì rí BRCA2 lọ́dún tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n tó rí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ní 1992, Ọlọ́pàdé ti wà lára àwọn tó dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Yunifásítì Chicago fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń yọjú léraléra nínú ẹbí wọn. Ẹni tí kò ṣàìsàn náà lè wá síbẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á bi í pé: ta ni ìyá ìyá rẹ? Kí ló pa á? Ọmọ ọdún mélòó ni? Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ obìnrin ńkọ́?

Nígbà tó padà sí Ìbàdàn

Ohun kan wà tí Ọlọ́pàdé ṣàkíyèsí ní Chicago: àwọn obìnrin dúdú tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ máa ń kéré lọ́jọ́ orí, àìsàn náà a sì máa yára pa wọ́n. Ó tún rí i pé ìwé tí àwọn onímọ̀ ń kọ nípa BRCA, orí àwọn obìnrin funfun ni wọ́n gbé e kà. Ó yíjú sílé. Láti 1998 ni òun àti àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti ń ṣe ìwádìí tí wọ́n fi ń bá àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn tí ara wọn dá. Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni oníṣẹ́ abẹ Clement Adébámọ̀wọ́ àti Adéyínká Fálúsì, onímọ̀ àjogúnbá.

Lọ́dún 2009, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde kan jáde lórí obìnrin 507 láti Nàìjíríà àti Sẹ̀nẹ̀gà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú, ihò kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni àwọn dókítà máa ń wá. Bí wọ́n bá rí i, oògùn wà tó bá a mu. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n á pè é ní triple-negative, oògùn tó ń bá àwọn yòókù jà kò sì ní rí ibi wọlé. Nínú àwọn obìnrin 507 yìí, ìdá 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ihò ti ẹ́sítírójìn, irú triple-negative ló sì pọ̀ jù. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un, nítorí pé iṣẹ́ ọmọwé ni, pé ìwádìí mìíràn láti Ìbàdàn kan náà rí iye tó ju ìyẹn lọ dáadáa. Bí wọ́n bá ṣe tọ́jú ẹran ara tí wọ́n gé fún àyẹ̀wò lè yí èsì padà. Àmọ́ ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé irú tó le yìí wọ́pọ̀ láàárín wa ju bó ṣe wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó lọ, òun sì ni irú tí BRCA1 tó bàjẹ́ sábà máa ń fà.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó kan lẹ́tà ọmọ ọ̀rẹ́ mi gan-an. Lọ́dún 2018, Ọlọ́pàdé, Mary-Claire King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìbàdàn àti Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ti yẹ jíìnì obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú wò. Àwọn 167 nínú wọn, ìyẹn ìdá 14.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ló ní àṣìkọ nínú jíìnì tó lè fa àìsàn náà. Ti BRCA1 jẹ́ ìdá 7.0, ti BRCA2 jẹ́ 4.1. Láàárín àwọn obìnrin tí wọn ò ní àìsàn náà, ìdá 1.8 péré ni.

Ẹ jẹ́ ká rọra ka iye yìí, torí ó lójú méjì. Bí obìnrin méje bá ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan nínú wọn ló gbé àṣìkọ àjogúnbá. Ìyẹn pọ̀, kò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n àwọn mẹ́fà yòókù kò gbé e, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe na ìka sí ìdílé ìyàwó rẹ̀ nítorí pé ó ṣàìsàn.

Kí la jogún gan-an?

Ibi tí mo ń bá bọ̀ nìyí. Nínú èdè wa, "àrùn ìran" ni a máa ń sọ. Ẹni tó ti dàgbà tó mi mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yẹn. Kí alárinà tó parí iṣẹ́ rẹ̀ láyé àtijọ́, wọ́n á ti rán ènìyàn lọ wádìí: ṣé wèrè ò sí nílé yẹn? Wárápá ńkọ́? Ẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀kan, ìyàwó ti bọ́. Nítorí náà, ìdílé tí ohun kan bá ń dà láàmú kọ́ bí wọ́n ṣe ń bò ó.

A sì mọ̀ ọ́n bò. Oríkì ìdílé mi dárúkọ bàbá ńlá mi, ó sọ irú ẹṣin tó gùn. Kò sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀. Ẹ wo pátákó ìsìnkú tó wà lára ògiri láti Àgbàdo dé Ìyánà Ìpájà: "lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́." Àìsàn ránpẹ́ wo? Ní Chicago, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Ọlọ́pàdé máa bi yín ni ohun tí gbólóhùn yẹn gbé pamọ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé "àrùn ìran" kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu. Ẹnikẹ́ni kò jogún jẹjẹrẹ. Àṣìkọ la jogún, ewu ló sì ń bá a rìn. Obìnrin tó ní àṣìkọ nínú BRCA1, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún irú wọn ni àìsàn náà máa ń mú kí wọ́n tó pé ọgọ́rin ọdún, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n ṣe púpọ̀ rẹ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ funfun ṣe sọ. Ewu ńlá ni, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí kò mú rárá. Ẹni tó bá sì mọ̀ ní kùtùkùtù ní ohun tó lè ṣe: àyẹ̀wò ọmú lọ́dọọdún láti ìgbà èwe, iṣẹ́ abẹ fún ẹni tó bá yàn án, àti bí àìsàn bá dé, oògùn bí olaparib tí wọ́n ṣe nítorí sẹ́ẹ̀lì tí BRCA rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kejì tí ọ̀rẹ́ mi sọ, pé ọ̀dọ̀ ìyá ni yóò ti wá. Kromosóòmù 17 àti 13, níbi tí BRCA1 àti BRCA2 wà, kò yà sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Bàbá ń gbé e bí ìyá ṣe ń gbé e. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ní àṣìkọ yìí bá bí, àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni pé yóò gbà á, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọkùnrin lè gbé e láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀, kí nǹkan kan má sì ṣe òun fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ó bọ́ lọ́wọ́ ewu pátápátá: BRCA2 tó ní àṣìkọ máa ń jẹ́ kí jẹjẹrẹ ẹṣẹ́ ìdí àwọn ọkùnrin, ìyẹn prostate, wọ́pọ̀ sí i.

Ìpè kan ní alẹ́

Kí n tó ké sí ọ̀rẹ́ mi padà, mo rántí nǹkan kan. Àbúrò ìyá mi kan kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama. "Oówo" ni wọ́n ní ó mú un lọ́mú. Odindi ọjọgbọ́n èdè, n kò bi ara mi rí pé irú oówo wo ló ń pa obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún lórí fóònù. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Jẹjẹrẹ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì ò tíì lọ sílé ọkọ nígbà yẹn. Ìyá wa ní ká má sọ."

Àwọn ọmọ méjèèjì lọ sílé ọkọ. Wọ́n bímọ. Mo ń ka àwọn ọmọ wọn lórí ìka bí mo ṣe ń kọ èyí, obìnrin mẹ́rin, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ̀kan nínú wọn.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé, mo fi gbólóhùn ata Ayọ̀ hàn án, mo ka àwọn iye yẹn fún un, mo sì sọ ọ̀rọ̀ oówo náà. Kò bá mi jiyàn. Ó pẹ́ kó tó ní, "Prof, ẹ̀gbọ́n mi, ìyá ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù yẹn. Àìsàn ránpẹ́ la kọ síbẹ̀ fún òun náà." Ó wá béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò. Mo ní ó lè ṣe é, ṣùgbọ́n kó jẹ́ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kó rí, kì í ṣe èmi. Ọmọ rẹ̀ ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ẹ jókòó tì wọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ béèrè ohun tó pa ìyá àgbà, àti iye ọdún tó wà nígbà náà, ní ìhà bàbá àti ní ìhà ìyá. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i kó má baà di ohun mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Èmi náà ní ìpè mẹ́rin láti ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó padà sórí àwẹ́-gbólóhùn. Ó dàbọ̀ ná.